ÌGÈDÈ ÀTI ÒKUN: Àwíyé lórí àwọn ẹ̀dá inú omi iyọ̀, bí a ti ń wádìí wọn àti bí a ṣe lè dá wọn sí

Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilẹ̀ Èkìtì, ó lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé òkun ni a mú ṣe kókó ọ̀rọ̀ ní Ìgèdè yìí, níbi tí ó jẹ́ pé òkè àti àpáta ni ojú ń rí, tí ènìyàn sì lè dàgbà, kí ó bímọ, kí ó rí ọmọ-ọmọ, láì fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn etí òkun rí. Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó kan ará òkè nínú ọ̀ràn àwọn apẹja. Ìdáhùn wa jẹ́ méjì. Ọ̀kan wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, èkejì sì wà nínú odò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣí ìkòkò. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà ní Ìgèdè, ní Ìyìn tàbí ní Adó yóò rí bí ẹja òkun ti pọ̀ tó lórí àtẹ. Edé wà níbẹ̀. Ṣáwá wà níbẹ̀, tí a ti yan títí ó fi gbẹ. Agbódó wà níbẹ̀ pẹ̀lú egungun wẹ́wẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí a dá a dá ọmọdé. Àpò pẹ̀lú wà fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn tí a ń yọ láti inú yìnyín, títùs, kótè àti pańla, èyí tí àwọn àgbà wa sọ ní òkú Èkó nítorí pé láti Èkó ni wọ́n ti ń dé ọ̀dọ̀ wa ní dídì gbagidi. Orúkọ náà a máa pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan pamọ́ fún wa: ọ̀pọ̀ nínú òkú Èkó kì í ṣe ọmọ Èkó rárá. Púpọ̀ wọn ti inú òkun àríwá wá, ní agbègbè ilẹ̀ àwọn Òyìnbó, àwọn mìíràn sì ti ìhà Mauritania wá. Ìjọba Nàìjíríà ti sọ ọ́ nígbà púpọ̀ pé ẹja tí ó yẹ kí a máa jẹ lọ́dún ju mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù lọ, àti pé èyí tí a ń pa àti èyí tí a ń sìn kò ju mílíọ̀nù 1 àti díẹ̀. Ìyókù, owó ni a fi ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará ẹ̀yìn odi. Nígbà tí owó ilẹ̀ wa bá sì rẹ̀wẹ̀sì lọ́jà ayé, ẹ̀yin ìyá wa ni ẹ kọ́kọ́ ń mọ̀, nítorí ẹja tí ó ń wọ ìkòkò a máa kéré sí i.

Ti odò ni ó kan Ìgèdè ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ní ilẹ̀ yìí ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Láti ibí ni ó ti gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, tí ó dé Òṣogbo níbi tí a ti ń bọ ọ́, tí ó kọjá lẹ́bàá Ẹdẹ, tí a sì dí i ní Aṣẹ́jirẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀ gba inú igbó lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́, ó sì tú sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Ọ̀sà Lẹ́kí bá ọ̀sà Èkó tan, ọ̀sà Èkó sì ń tú sínú òkun ní ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ èbúté. Àwọn àgbà a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ní ti àwa, odò kò gbàgbé; orísun ni ó gbàgbé ibi tí odò ń lọ.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí odò ń ṣe fún òkun. Ojú lásán lè rò pé omi kékeré ni ó wọ inú omi ńlá, ọ̀rọ̀ sì parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odò a máa gbé ọ̀rá ilẹ̀, ewé jíjẹrà àti ẹrẹ̀ dání láti òkè wá, àwọn ohun wọ̀nyí a sì di oúnjẹ fún àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tí ń léfòó nínú omi, tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn láìlo awò. Àwọn kòkòrò omi a jẹ ewéko wọ̀nyí, ṣáwá àti agbódó a jẹ kòkòrò àti ewéko, àwọn ẹja ńlá a jẹ ṣáwá, àwa náà a sì jẹ gbogbo wọn. Ọ̀sà tí ó wà láàárín odò àti òkun ni ilé ìgbọ́mọ fún púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo edé ńlá tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń lé kiri. Inú òkun ni ìyá rẹ̀ ń yé sí. Ọmọ rẹ̀, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, a bá omi wọ inú ọ̀sà, a sì máa gbé ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan láàárín koríko àti gbòǹgbò àwọn igi tí ń hù nínú omi iyọ̀, títí yóò fi lágbára tó láti padà sí òkun. Bí ọ̀sà bá bàjẹ́, edé òkun yóò tán bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ju àwọ̀n sínú òkun. Bí odò bá sì bàjẹ́, ọ̀sà kò lè dára.

Ọ̀sà Èkó ní ìwà kan tí ó yẹ kí a mọ̀. Nígbà òjò, nígbà tí Ọ̀ṣun, Ògùn àti àwọn odò yòókù bá kún, omi rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn bí omi kànga. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a padà wọlé, omi náà a sì níyọ̀. Nítorí náà ni ewéko olódòdó àlùkò tí ó dí ojú omi, èyí tí ó ti ìhà ilẹ̀ Benin wọ àwọn odò kékeré Badagry ní 1984, ṣe máa ń gbilẹ̀ nígbà òjò, tí iyọ̀ sì máa ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ẹ̀dá tí ń gbé inú ọ̀sà ni ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò dúró àti ìgbà tí yóò sá.

Mélòó ni àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí? Ẹni tí ó kọ Sáàmù kẹrìnlélọ́gọ́rùn-ún ti jẹ́wọ́ pé ti inú òkun kò níye. Àwọn onímọ̀ òde òní kò fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 2000 dé 2010 ni àwọn onímọ̀ tí ó ju 2,000 lọ, láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 80 lọ, parapọ̀ láti ka àwọn ẹ̀dá inú òkun. Ní 2011 àwọn kan nínú irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ìṣirò pé irú ẹ̀dá tí ó wà nínú òkun yóò tó mílíọ̀nù 2 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200, àti pé nínú 10 ni a kò tíì sọ 9 lórúkọ. Ìṣirò ni, kì í ṣe kíkà. Ẹlòmíràn lè ṣe tirẹ̀ kí ó sì dín sí i tàbí kí ó lé sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé èyí tí a kò mọ̀ pọ̀ ju èyí tí a mọ̀ lọ.

Ní apá òkun tiwa, tí a ń pè ní Gulf of Guinea, àìmọ̀ náà tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ òkun gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní epo, ó sì gbọ́dọ̀ lè dúró lójú omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ Challenger yí ayé ká láti 1872 dé 1876 fún iṣẹ́ yìí, owó ìlú ni wọ́n sì fi rán an. Nígbà tí Mary Kingsley, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì nì, wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà láàárín 1893 àti 1895, àwọn ẹja tí ó kó nínú odò Ogowe ní Gabon ni a gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nínú ọtí, a sì fi orúkọ rẹ̀ pe mẹ́ta nínú wọn. A kò bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Akíkanjú ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá a wa ọkọ̀, tí wọ́n fi ibi tí ẹja wà hàn án, tí wọ́n sì mọ orúkọ ẹja náà ní èdè tiwọn kí ó tó dé, ẹja kankan kò jẹ́ orúkọ wọn. Títí di òní, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó bá fẹ́ fi ẹja tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wé èyí tí a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé, ó lè di dandan kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilé àkójọ ní Yúróòpù.

Ní 1963 àti 1964 a wọ́ àwọ̀n láti ìhà Senegal títí dé ẹnu odò Congo láti mọ irú ẹja tí ó wà nísàlẹ̀ àti bí wọ́n ti pọ̀ tó. Ní 1975 ni Nàìjíríà dá ilé ìwádìí òkun tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí a ń pè ní Nigerian Institute for Oceanography and Marine Research. Ní ọdún kan náà ni ọkọ̀ Dr Fridtjof Nansen, tí Norway kàn fún ìrànlọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní irú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 1993 àti ní 2017, ó sì ti wọ omi Nàìjíríà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìṣòro tí ó wà nínú irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Àlejò tí ó bá wá wò wá ní ọjọ́ mélòó kan lè sọ bí a ti rí ní ọjọ́ wọnnì. Kò lè sọ bí a ti ń rù àti bí a ti ń sanra láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí ń gbé inú ilé ni ó lè sọ ìyẹn.

A ní àpẹẹrẹ iṣẹ́ ará ilé kan tí a fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé àwa kò rí èyí tí ó fi ọ̀rọ̀ wa hàn jù ú lọ. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn ṣì jẹ́ tuntun, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ J. E. Webb. Òun àti M. B. Hill fi ara balẹ̀ wádìí ọ̀sà Èkó: bí iyọ̀ inú rẹ̀ ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀, irú yanrìn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ẹ̀dá tí ń gbé inú yanrìn kọ̀ọ̀kan. A tẹ iṣẹ́ náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Nínú àwọn ẹ̀dá tí wọ́n wádìí ni ohun kékeré kan wà tí kò gùn tó ìka ọwọ́, tí ara rẹ̀ ń dán bí ọ̀rá, tí kò ní egungun, tí kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú yanrìn ni ó ń ri ara rẹ̀ mọ́, tí ó yọ ẹnu síta láti máa sẹ́ oúnjẹ nínú omi. Webb fi orúkọ Nàìjíríà pè é, Branchiostoma nigeriense. Alápatà ẹja kò ní fojú wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn onímọ̀ ní tiwọn kà á sí ìṣúra, nítorí pé okùn líle kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá níbi tí ọ̀pá ẹ̀yìn wà lára ẹja, ẹyẹ àti ènìyàn. Láti ara irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí ọ̀pá ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni Webb àti Hill rí? Wọ́n rí i pé ẹ̀dá yìí ń yan yanrìn. Kò fẹ́ ẹrẹ̀. Yanrìn tí ó nípọn díẹ̀, tí omi lè gba àárín rẹ̀ kọjá, ni ó ń wọ̀. Wọ́n sì rí i pé nígbà tí òjò bá dé tí omi sì dùn jù, àwọn tí ó wà nínú ọ̀sà a kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ a tún bá omi òkun wọlé, a sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Ẹ ronú sí ohun tí ìwé náà túmọ̀ sí fún wa lónìí. Tọ̀sán-tòru ni a ń wa yanrìn láti inú ọ̀sà Èkó, láti fi kọ́ ilé àti láti fi kún ojú omi. Níbi tí a bá ti wa yanrìn, ẹrẹ̀ a máa rú, a sì máa bo ibòmíràn mọ́lẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá gbé ìwé 1958 náà lọ́wọ́, kí ó sì lọ wo àwọn ibi kan náà, yóò lè sọ ohun tí ó kù, ohun tí ó ti lọ, àti ohun tí ó wá rọ́pò rẹ̀. Láìsí ìwé náà, ẹnu lásán ni a ó máa fi wí pé ọ̀sà ti bàjẹ́, ẹni tí ń wa yanrìn yóò sì fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ayébáyé. Ta ni yóò dá ẹjọ́ náà?

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti wáyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, òkú ẹja àpò bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ káàkiri etí òkun Niger Delta. Ìbẹ̀rù mú àwọn apẹja, àwọn ènìyàn kò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n ra ẹja tàbí kí wọ́n má rà á. Àwọn kan ní epo rọ̀bì ni, àwọn kan ní oró mìíràn ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bu omi, wọ́n mú ẹja, wọ́n lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn yóò fi wé ohun tí ó bá rí? Ẹni tí kò mọ bí ara aláìsàn ti gbóná tó nígbà tí ó wà ní àlàáfíà, báwo ni yóò ṣe sọ bí ibà náà ti pọ̀ tó? Ní oṣù Kejìlá 2011 pàápàá, nígbà tí epo tí ó tó nǹkan bí àgbá 40,000 tú sójú òkun láti ibi ìwakùsà epo tí a ń pè ní Bonga, orúkọ tí ó jẹ́ ti ẹja agbódó gan-an lẹ́nu àwọn ará ibòmíràn, àríyànjiyàn lórí ohun tí ó bàjẹ́ pẹ́ ju epo náà lọ lójú omi.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé inú ìwé nìkan ni ìmọ̀ òkun wà. Ní oṣù Kejìlá 1938, ọkọ̀ apẹja kan ní South Africa kó ẹja kan wálé tí àwọn onímọ̀ ti rò pé irú rẹ̀ ti kú tán láti nǹkan bí mílíọ̀nù 65 ọdún. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Marjorie Courtenay-Latimer, tí ń tọ́jú ilé àkójọ kékeré kan ní East London, ni ó rí i láàárín ẹja yòókù tí ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹja lásán. Nígbà tí ó yá a rí i pé àwọn apẹja erékùṣù Comoros ti mọ ẹja náà tipẹ́, wọ́n sì ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Èdè tiwa náà mọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ẹran òkun ńlá nì ní àbùùbùtán ti fojú rí i pé a bù ú, a bù ú, kò sì tán. Ìyẹn ni pé ó ti gúnlẹ̀ sí etí òkun wa kí onímọ̀ kankan tó kọ ọ́ pé irú rẹ̀ kan a máa ti gúúsù wá bímọ sínú Gulf of Guinea láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá. Àwọn Ìlàjẹ, tí ń pẹja dé ilẹ̀ Benin àti Cameroon, mọ ibi tí ẹja ń gbà ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n orí ahọ́n ni ìmọ̀ náà wà. Ayétòrò, tí àwọn onígbàgbọ́ Ìlàjẹ tẹ̀dó ní 1947 tí òkìkí rẹ̀ sì kàn nígbà kan, òkun ń jẹ ẹ́ lọ ní ilé dé ilé. Nígbà tí apẹja bá kó kúrò ní etí òkun lọ wá iṣẹ́ mìíràn ní ìgboro, ọmọ rẹ̀ kò ní mọ orúkọ ẹja mẹ́wàá.

Ní ti dídá àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sí, òfin kò wọ́n wa. Òfin Nàìjíríà ti 1992 sọ pé ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n kò gbọdọ̀ súnmọ́ etí òkun ju máìlì òkun 5 lọ, kí àwọn ọlọ́kọ̀ onígi lè rí ibi pẹja, kí àwọn ọmọ ẹja tí ń gbé ìtòsí ilẹ̀ sì lè dàgbà. Àwọn apẹja kò yé kígbe pé àwọn ọkọ̀ náà ń wọlé lóru, wọ́n sì ń fa àwọ̀n wọn ya. Àwọ̀n tí a fi ń wá edé a máa kó ohun púpọ̀ tí kì í ṣe edé: ọmọ ẹja tí kò tíì tó jẹ, àti ìjàpá òkun, tí yóò kú sínú àwọ̀n nítorí pé ó gbọ́dọ̀ yọrí síta láti mí. Ìjàpá yìí pẹ́ kí ó tó di ìyá, agbègbè tí a ti pa á ni ó sì ń padà sí láti yé ẹyin sínú yanrìn lóru. Ohun ìyanu kan ni pé gbígbóná yanrìn ni ó ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni yóò jáde. Bí yanrìn bá gbóná jù, abo ni yóò pọ̀. Ẹni tí ó bá wa ẹyin náà jẹ ní etí òkun wa, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni ó fi jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ kan.

Ghana gbìyànjú ohun kan ní 2019. Ìjọba wọn ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ onígi má ṣe lọ sí òkun láti 15 oṣù Karùn-ún títí di 15 oṣù Kẹfà, kí ṣáwá lè yé ẹyin kí omi tútù ìsàlẹ̀ tó rú sókè ní oṣù Keje, nígbà tí ẹja máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n oṣù kan láìsí iṣẹ́ jẹ́ oṣù kan láìsí oúnjẹ, ariwo àwọn apẹja sì pọ̀. Ní 2025 ìjọba yọ wọ́n kúrò nínú òfin ọdún náà. Ní èrò tiwa, òfin tí ó bá ti ilẹ̀kùn òkun mọ́ apẹja láì ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, rírú ni a ó rú u. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ní Newfoundland ní Kánádà, níbi tí a ti pa ẹja cod fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún, ìjọba ń bẹ̀rù ariwo bákan náà títí ẹja fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 1992 ni wọ́n tó ti òkun náà, àwọn tí ó sì pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ju 30,000 lọ. Wọn kò tún fi àyè gba òwò ẹja náà bí ti tẹ́lẹ̀ títí di 2024, ìjà ṣì wà lórí ìyẹn pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí àwa tí a jẹ́ ti ìjọ kì í fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ní Òṣogbo, nínú igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, ẹnikẹ́ni kì í pa ẹja odò Ọ̀ṣun, ẹja náà sì wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Benin, níbi tí odò Mono ti pàdé òkun, àwọn ará ìlú fi Zangbéto ṣọ́ àwọn igi omi iyọ̀, ẹni tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá sì ń bẹ̀rù èyí. Àwa kò pe ẹnikẹ́ni padà sí ìbọ. A kàn ń bèèrè ohun tí àwa, tí a ní Ẹlẹ́dàá òkun àti ilẹ̀ kan ṣoṣo ni a ń sìn, ti fi sí ipò àwọn èèwọ̀ tí a wó lulẹ̀. Omi kan náà tí a dá ẹja rẹ̀ sí ní Òṣogbo ni àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ di pupa bí ẹrẹ̀. Ní 2022 ìjọba Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn kí wọ́n má ṣe mu ún. Mẹ́kúrì tí a fi ń mú wúrà jọ kì í jẹrà. Ó ń bá omi lọ, ó ń wọ ara ẹja, láti ara ẹja kékeré ó ń bọ́ sára ẹja ńlá, ibi tí yóò sì parí sí ni àwo oúnjẹ.

A ti sọ ti ìṣòro púpọ̀. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ náà kò kéré. Ní 2023 ni Nàìjíríà dá ilé iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ọ̀ràn òkun nìkan. Ní ọdún kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan ní Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè lórí bí a ó ti dá àwọn ẹ̀dá inú òkun tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan sí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025 iye àwọn tí ó fọwọ́ sí i pátápátá pé 60, gẹ́gẹ́ bí òfin ti béèrè. Ọkọ̀ tí ó bá wọ ibi tí kò yẹ lóru, sátẹ́láìtì lè rí i láti ojú ọ̀run. A sì lè bu ife omi kan láti inú òkun, kí a yẹ ohun tí ẹja ti bọ́ sílẹ̀ láti ara rẹ̀ sínú omi náà wò, kí a sì mọ irú ẹja tí ó ti kọjá níbẹ̀ láìfi àwọ̀n kan án. Iṣẹ́ tí ó ń béèrè ọkọ̀ ńlá tẹ́lẹ̀ ti ń di èyí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ onígi. A ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹja ní yunifásítì tí ó wà ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí wa. Ti Èkó ń kọ́ ni ní ẹ̀kọ́ òkun fúnra rẹ̀. Àwọn òbí Èkìtì fẹ́ràn kí ọmọ di dókítà tàbí lọ́yà. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe sunkún bí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ máa ka edé.

Kí ọmọ náà tó lọ, iṣẹ́ wà fún un nílé. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìgèdè yan ibì kan lẹ́bàá odò. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n bu omi sínú ìgò funfun kan náà, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n fi rúlà wọn ẹrẹ̀ tí ó silẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, kí wọ́n sì kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́, àti bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n bá rí alákàn tàbí ẹja, bí wọ́n bá rí ike àti ọ̀rá piọ́wọ́tà, àti bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnìkan da gamalín sínú odò láti fi pa ẹja. Ní ọjọ́ kan náà kí wọ́n bẹ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹlẹ́ja wa kí ó jẹ́ kí wọ́n wọn ṣáwá mẹ́wàá lórí àtẹ rẹ̀, bí ọwọ́ bá ti bà á, láìṣa èyí tí ó tóbi, kí wọ́n sì bi í léèrè ibi tí ó ti rà á. Kò ní gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òṣogbo àti òmíràn ní Ẹ̀pẹ́ bá gbà láti ṣe bákan náà, a ó ní ìwé kan lórí odò kan láti ìsun rẹ̀ títí dé ọ̀sà. Nígbà tí ìwé náà bá kún, kí a ra òmíràn, kí a sì ti èkínní mọ́ inú àpótí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, nítorí gbogbo wa ni a mọ ibi tí ìwé àtijọ́ ń bá lọ nílẹ̀ yìí: ọ̀dọ̀ alákàrà.